Ilẹ̀, Ìlù àti Ara: Ẹlẹ́rìí Tí Ó Ń Padà Wá nínú Fíìmù Túndé Kèlání

ÌFÁÀRÀ

Ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Benin ti pàdé èyí tí ó wá láti Oǹdó, ọkọ̀ tí ó kó gẹdú kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ gba inú agbègbè Odígbó lọ sí Araromi-Obu yóò rí oko kòkó, oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ ní ibi tí igbó kìjikìji wà ní ayé àtijọ́. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti pa ààlà sí ọ̀pọ̀ nínú igbó ẹkùn yìí, tí wọ́n sọ ọ́ di igbó ọba, èyí tí a mọ̀ sí igbó ọba Olúwa. Nígbà tí ó yá, ìjọba gé apá kan nínú rẹ̀, ó sì gbin igi mẹlínà sí i kí ilé-iṣẹ́ ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìwòpin lè rí igi lò. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti ìlú Yorùbá mìíràn wá náà ti dá oko kòkó sínú igbó yìí. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí kò tíì tán nílẹ̀ ní ẹkùn náà: ta ni ó ni igbó? Ṣé ọba ni, tàbí ìjọba, tàbí àgbẹ̀, tàbí oníṣòwò gẹdú tí ó gba ìwé àṣẹ?

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó dá wàhálà sílẹ̀ nínú Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999. Àwọn agégi ni wọ́n ń pa igbó ìlú Jogbo run, ọba sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn. Lámèyítọ́ tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù yìí sábà máa ń fo igbó náà dá, a sì lọ tààrà sí orí adé àti ológun. Ibi tí wọ́n fò yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé láti ọdún 1993 ni Kèlání ti ń wá ẹlẹ́rìí kan tí kò ṣe é fi owó bẹ̀, àti pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí ó ń padà wá nínú iṣẹ́ rẹ̀, yálà ilẹ̀ ni, tàbí ìlù, agogo, igbá tàbí ara ènìyàn, iṣẹ́ ẹlẹ́rìí yìí ni wọ́n ń ṣe. Ó tún béèrè ohun kan tí àwọn olùfẹ́ Kèlání kì í fẹ́ béèrè: kí ni ẹlẹ́rìí náà lè dá padà fún ẹni tí a ti jà lólè?

Pé olùdarí kan ń padà sí orí kókó kan náà kì í ṣe àìní làákàyè. Ní ilẹ̀ Jàpáàn, níbi tí eré àwòrán nípa àwọn òmìrán onírin ti di ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kan pàtàkì, àwọn onímọ̀ kì í ka àpadàbọ̀ sí ẹ̀bi. Láti ìgbà tí Yoshiyuki Tomino ti ṣe Mobile Suit Gundam ní ọdún 1979 ni ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ ogun tí àwọn àgbà kọ́ ti ń padà wá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Neon Genesis Evangelion tí Hideaki Anno gbé jáde ní 1995, bàbá ni ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ láti wọ inú òmìrán náà lọ jà. Wọ́n ti tọpinpin ibi tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wá, dé orí eré tẹlifíṣàn tí Anno wò nígbà èwe rẹ̀. Irú ìtọpinpin bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ tó lórí àwọn olùdarí fíìmù Yorùbá.

ÀWỌN ORÍSUN

Èkó ni wọ́n ti bí Kèlání ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ó gbé dàgbà láti ọmọ ọdún márùn-ún, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, ẹni tí ó jẹ́ Balógun Ìjàyè Kukudi. Ọmọ tí ó dàgbà ní agboolé olóyè kò lè ṣàì mọ̀ pé oyè ní àdéhùn nínú, àti pé onílù tí ó ń ki olóyè ní àárọ̀ lè fi ọ̀pá ìlù kan náà bú u ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ka àwọn ìwé D. O. Fágúnwà nígbà èwe rẹ̀. Ọmọ Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí Oǹdó, ni Fágúnwà, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1938. Ó rọrùn láti sọ pé Fágúnwà ni ó fún Kèlání ní igbó. Òótọ́ ni dé ibì kan, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ni ó ṣe pàtàkì. Nínú ìwé Fágúnwà, ọdẹ ni ó ń wọ igbó lọ, àwọn ẹ̀mí tí ó ń gbé ibẹ̀ sì ń dán an wò. Nínú Ṣaworoidẹ, ayùn ni ó ń wọ igbó, kò sì sí iwin kankan tí ó jáde láti dá a dúró. Igbó Fágúnwà ń pa ènìyàn. Igbó Kèlání, ènìyàn ni ó ń pa á. Láàárín ìwé kìn-ín-ní àti fíìmù yìí, ọgọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan ti kọjá, ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí igbó Odígbó ní ọgọ́ta ọdún náà kò nílò àlàyé.

Orísun kejì ni eré alárìnjò. Kèlání wo eré Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ọba Kò So tí Ládiípọ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963 dá lórí ọba tí agbára tí ó kó jọ padà kọ lù ú. Ní 1964, Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú. Ìtàn ọba àti ọ̀dàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí, ó sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà. Ọdún 1966, nígbà tí àwọn ológun ti dé, ni wọ́n tó tú òfin náà. Ọ̀nà tí Ògúndé là sílẹ̀ yìí, pé kí á gbé ìṣèlú òde òní wọ aṣọ ààfin, ni Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá padà tọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Iṣẹ́ fọ́tò ni Kèlání kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tún ṣe iṣẹ́ ìròyìn fún Reuters, ó sì ya àwòrán ọ̀dá ní Ethiopia àti òmìnira ní Zimbabwe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka apá yìí kún nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé ọmọ àṣà ni Kèlání. Ojú oníròyìn wà nínú fíìmù rẹ̀: ó mọ bí ọjà, ìwọ́de àti ìpàdé ìlú ṣe rí, kì í sì í yà wọ́n bí ẹni pé orí ìtàgé ni wọ́n wà.

Nígbà tí ó padà dé sí Nàìjíríà, Adébáyọ̀ Fálétí wà lára àwọn tí ó bá a ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ìdààmú Páàdì Míńkáílù. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òǹkọ̀wé ni ó fara tì. Àkọsílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀. Ìṣọ̀lá ni ó ni Kòṣeégbé (1995), Ó Le Kú (1997), Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀ (2002). Ìtàn Fálétí ni Thunderbolt (2001). Báyọ̀ Adébọ̀wálé ni ó kọ ìwé tí ó di The Narrow Path (2006), Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni ó kọ Maami (2011), Yínká Ẹgbọ́kàrẹ́ sì ni Dazzling Mirage (2014). Kò sí olùdarí Yorùbá mìíràn tí ó gbára lé ibi ìkówèésí tó báyìí. Ní àkókò tí fíìmù ẹlẹ́rọ ńlá ti wọ́n kọjá agbára òṣèré, lẹ́yìn tí owó náírà ti já wálẹ̀ ní 1986, tí fídíò olówó pọ́ọ́kú sì gba ọjà, ìwé ni ó gba fíìmù Kèlání lọ́wọ́ ìtàn àkàṣe.

(Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Ó Le Kú. Àwọn ará Ọ̀rẹ̀ mọ gbólóhùn yẹn ṣáájú kí ìwé Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, nítorí pé lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà ní ìlú wọn ní 1967 ni “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo Yorùbá. Ìfẹ́ ọmọ yunifásítì ni ìwé náà dá lé, kì í ṣe ogun. Ohun tí fíìmù náà sọ jí ní 1997 kì í sì í ṣe ogun bí kò ṣe ìró àti bùbá kúkúrú tí a ń pè ní olekú.)

ILẸ̀, ÌLÙ, AGOGO

Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1993. Ìtàn Kareem Adépọ̀jù, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Wándé, ni. Òun náà ni ó ṣe Ọ̀tún Aṣíyanbí. Àwọn ìjòyè ta ilẹ̀ àjogúnbá ìlú fún àwọn tí ó fẹ́ fi kọ́ ilé epo. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ọwọ́ wọ́n wà nínú títà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, Aṣíyanbí sì ń sá kiri fún ikú. Orúkọ fíìmù náà ti inú Orin Dáfídì wá, ṣùgbọ́n àwọn alálẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́. Ohun tí ó yẹ kí a rántí níhìn-ín ni òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, èyí tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Òfin ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé ní orí ìwé, ìjòyè sì ń tà á lábẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ta ni yóò jẹ́rìí fún ará ìlú? Fíìmù náà dáhùn pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Apanilẹ́rìn-ín ni Bàbá Wándé, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé òǹwòran lè gbàgbé pé ilẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo fíìmù náà. Ikú nìkan ni ohùn rẹ̀.

Ní Ṣaworoidẹ ni ẹlẹ́rìí náà ti ní ohùn. Àdéhùn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú Jogbo so ọba, adé àti ìlù tí ó ní ṣaworo idẹ pọ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ tí ó so ẹ̀mí rẹ̀ mọ́ ìlú. Bí ẹni tí kò sín gbẹ́rẹ́ bá dé adé, tí onílù sì lu ìlù náà, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti sín in. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá sín gbẹ́rẹ́ kò lè lówó ní Jogbo. Àyàngalú, onílù, gbé ìlù náà sá kúrò ní ìlú. Láti ìgbà náà ni ọba ti ń jọba lórí irọ́, tí àwọn agégi sì ń rí àyè. Jogbo ni ohun tí Yorùbá fi ń ṣe àpèjúwe ìkorò. Ìṣọ̀lá kò fi orúkọ ìlú náà pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí a wo ìlànà yìí dáadáa. Adé kò lágbára fúnra rẹ̀, ìlù pẹ̀lú kò lè pa ẹni tí kò dé adé. Ọwọ́ onílù ni ó so wọ́n pọ̀, onílù sì jẹ́ ẹni tí kò ní ọmọ ogun, tí kò sì ní ilẹ̀. Bí a bá tún rántí àwọn òmìrán onírin ilẹ̀ Jàpáàn, agbára tí ènìyàn ń wọ̀ bí ẹ̀wù ni wọ́n, ohun tí ó sì ń ba olùdarí wọn nínú jẹ́ ni pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè má padà bọ́ ọ. Agbára tí a ń wọ̀ ni adé Jogbo náà. Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá àti Kèlání fi ìjánu agbára náà sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ní ìta ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ìwà rere ọba ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Èrò ìṣèlú ni èyí, kì í ṣe ìyìn àṣà lásán.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jí adé gbé, Lápité ké sí ọ̀gá ológun kan, Lágàta. Lágàta rí adé náà gbà, ó sì gba ìjọba mọ́ Lápité lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí ó dé adé, ìlù náà dún, ó sì kú. Oṣù kẹfà ọdún 1998 ni Ọ̀gágun Sani Abacha kú lójijì lórí àlééfà. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, kò sí òǹwòran tí ó nílò kí ẹnikẹ́ni tú òwe náà fún òun.

Ẹlẹ́rìí kan tún wà nínú fíìmù náà tí ó jẹ́ ènìyàn: Bàbá Ọ̀pálábá, tí Fálétí ṣe. Ó ń jókòó sí ààfin, ó ń pòwe, ó sì ń sọ òótọ́ tí gbogbo ìjòyè ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Pé akéwì gidi ni ó ṣe akéwì náà kì í ṣe èèṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kúnlé Afọláyan, tí ó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtá, jẹ́ ọmọ Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ẹni tí ó wà nínú Àjàní Ògún ní 1976 àti nínú Ìjà Òmìnira, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Fálétí kọ. Nínú fíìmù tí ọmọ tí wọ́n gba ogún rẹ̀ ti padà wá, àwọn ọmọ ogún iṣẹ́ náà gan-an ni ó wà lójú ìbòjú.

Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e ní 2002, nígbà tí ìjọba alágbádá ti ń lo ọdún kẹta, tí ó sì ti dá àjọ tí ó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu sílẹ̀ ní 2000. Ọba tuntun, Adébọ́sípò, fẹ́ kí àwọn ìjòyè búra. Àwọn tí wọ́n ti kó owó ìlú jẹ kò fẹ́ gbọ́ agogo náà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìlù àti agogo. Ọba kan ṣoṣo ni ìlù ń bá jà; gbogbo ìgbìmọ̀ ni agogo ń pè wá jẹ́jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọnà, fíìmù kejì kò tó ti àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ ìpàdé pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì ń yọ orí síta kí ìtàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ARA

Gbẹ́rẹ́ tí Lápité kọ̀ ń tọ́ka sí kókó mìíràn tí kò gba àfiyèsí tó. Nínú fíìmù Kèlání, ara ni ìwé àdéhùn. Nínú Thunderbolt, ọkọ tí ó jẹ́ Yorùbá fura sí Ngozi, aya rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò, wọ́n sì fi mágùn sí i lára láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ará ìlú mìíràn ni ó ń ru àbájáde òwú tí ìlú ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀. Nínú The Narrow Path, ara Awẹ́ró, wúńdíá tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ni abúlé méjì fẹ́ torí rẹ̀ jà. Adétutù nínú Arugbá (2008) ń ru igbá Ọ̀ṣun fún ìlú tí ọba rẹ̀ kò mọ́. Fúnmiwò nínú Dazzling Mirage ní àrùn fọniku-fọnidide, àwọn ènìyàn sì ń wo ara rẹ̀ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn.

Ohun tí ó hàn gbangba ni pé obìnrin ni gbogbo wọn. Nígbà tí agbára bá wà ní ara ọkùnrin, adé ni, ó sì lè yàn láti kọ gbẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá wà ní ara obìnrin, wọn kì í bi í. Kèlání rí èyí. Àánú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà, a sì fi ojú oníròyìn wo ìlú tí ó ń dá wọn lẹ́jọ́. Síbẹ̀, nínú Arugbá, ó ṣì nílò kí ọmọbìnrin náà jẹ́ mímọ́ kí ìlú tó lè rí ìwòsàn. Ó dà bí ẹni pé ẹlẹ́rìí tí ó ń wá kò lè ní àbùkù, ìyẹn sì jẹ́ ẹrù tí ó wúwo láti gbé lé ọmọ yunifásítì kan lórí.

Ayinla, tí ó jáde ní 2021, gba ọ̀nà mìíràn. Ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1980, ni. Ẹlẹ́rìí tí ó ní àbùkù nìyí: ó ń jà, ó ń bínú, ohùn rẹ̀ sì ni ohùn ìgboro. Kò sí àṣírí ìpilẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìbúra nínú rẹ̀. Ìlù wà, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ẹni tí ó ń kọrin sí i. Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé, Kèlání padà sí ìlú tí ó ti dàgbà, ó sì fi ìlù náà sílẹ̀ láìní agbára ìdájọ́.

IGBÓ JOGBO

Nínú Ṣaworoidẹ, àwọn agégi ni ìdí tí ọba fi nílò ìbọn, ìbọn ni ó mú ológun wọlé, ológun ni ìlù pa. Nígbà tí Lágàta ṣubú, inú ìlú dùn, òǹwòran sì dìde. Igbó kò sí nínú ìran ìkẹyìn náà. Nínú Agogo Èèwọ̀ pẹ̀lú, orí ìbúra àwọn ìjòyè àti owó tí wọ́n kó jẹ ni ìparí dá lé. Igi tí wọ́n ti gé kò ní ẹni tí ó bi í léèrè, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ agbégi kò sì gbọ́ ohun tí yóò rí gbà.

Ẹnìkan lè sọ pé ìlù kò lè gbin igi, àti pé iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹlẹ́rìí kò ju kí ó tọ́ka sí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Ìdáhùn yẹn tọ́ fún ìtàn ààfin. Ṣùgbọ́n Ìṣọ̀lá àti Kèlání ni wọ́n yan igbó láti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè fi owó orí tàbí iṣẹ́ àgbàṣe bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n yan ohun tí kì í padà bọ̀ kíákíá, tí ó jẹ́ pé bí ọba búburú tilẹ̀ kú ní òní, igi ìrókò tí wọ́n gé ní àná ti wà lórí ọkọ̀ ní ọ̀nà Èkó. Ní Araromi-Obu, níbi tí orúkọ igbó ti wà lórí ìwé ìjọba láti ìgbà òyìnbó, tí rọ́bà àti ọ̀pẹ sì dúró ní ìlà níbi tí igi aláìlóǹkà ti wà, ẹni tí ó bá wo fíìmù yìí dé òpin yóò gbọ́ ìlù náà, yóò sì rí i pé apá ibi tí ọkọ̀ gẹdú gbà lọ ni kámẹ́rà kò yíjú sí mọ́.